Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Kì í ṣe ìtàn oyè ni a mú wá ní ọdún yìí, bí kò ṣe ti ilẹ̀ kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé àwọn ìyá wa.

Oko ni ti iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni ti ọbẹ̀. Níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, tí eérú àti èèpo ẹ̀gẹ́ ń jẹrà sí, ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń gbin ewébẹ̀ sí, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣá. Ewúro, ilá àti ìkàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Àlejò ni ata àti tòmátì. Àlejò ni ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe púpurú pàápàá. Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá lẹ́yìn ọdún 1492, àwọn Potogí sì ni ó kó púpọ̀ nínú wọn dé etíkun wa. Ẹni tí ó bá sọ pé sàláàdì kì í ṣe oúnjẹ wa, kí ó kọ́kọ́ yọ ata kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Àwọn òyìnbó ni ó mú létíùsì àti kábéèjì wá. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó mọ ebè ẹ̀fọ́ nínú ọgbà ilé-ìwé. Àwa náà kọ́ ọ níbẹ̀, síbẹ̀ a ṣìnà. A gbin létíùsì ní oṣù keje. Òjò sọ gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀. Nígbà tí a tún un gbìn ní ìgbà ọyẹ́, lábẹ́ ìbòòji imọ̀ ọ̀pẹ, tí a ń bu omi rin ín ní àárọ̀ àti ní alẹ́, a jẹ ẹ́ títí ó fi sú àwọn ọmọ. Kùkúḿbà kò tilẹ̀ yọ wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1975 ni ìjọba dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí ewébẹ̀ àti èso sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1976, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ké sí gbogbo ènìyàn láti gbin oúnjẹ sí àyíká ilé wọn. Ariwo náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkòrò jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná ní ọdún 2016, owó tòmátì fò sókè dé ọjà tiwa níhìn-ín, ẹni tí ó ní ìdí mẹ́fà lẹ́yìn ilé kò sì sáré.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé símẹ́ǹtì ni a fi ń bo ẹ̀yìnkùlé ilé títun báyìí láti ògiri dé ògiri. A ra ẹ̀fọ́ tí ó ti rọ, a sì fi owó mọ́tò lé e. Ìkàn kékeré kíkorò tí àwọn ìyá àgbà ń gbìn ti ṣọ̀wọ́n. Ilé méjì péré ni a ti rí i ní àdúgbò wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ilé ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún bíríkìlà kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. A ti tọ́jú irúgbìn ìkàn náà àti ti tẹ̀tẹ̀ sínú ìgò. A ó bù ú fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè nígbà Kérésìmesì.