Ìrìn-àjò sí Kúbà: Ètò tó yẹ kí ọmọ Yorùbá ṣe kó tó wọ bàálù

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá gbogbo ìrìn-àjò mu, ṣùgbọ́n ó bá ìrìn-àjò sí Kúbà mu ju ọ̀pọ̀ lọ. Kúbà ni erékùṣù tó tóbi jù lọ ní agbègbè Kàríbíánì, ó sì gùn ju 1,200 kìlómítà lọ láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá lọ gẹ́gẹ́ bí ẹrú, pàápàá láàárín 1800 sí 1867, nígbà tí ogun tó bá ìṣubú Ọ̀yọ́ rìn ń tú ìlú ká. Lukumí ni orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọdún 1886 ni òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Kúbà, ṣùgbọ́n Ifá, Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ní 1987, Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà, Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, ṣe àbẹ̀wò sí erékùṣù náà.

Ìtàn yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, nílé àti lókè òkun, máa fẹ́ fi ojú ara wọn rí Kúbà. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó jókòó sí ibodè kì í bèèrè oríkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwé ló ń bèèrè. Ẹni tí kò bá ṣètò dáadáa lè há sí pápákọ̀ òfurufú ní àárín ọ̀nà, owó lè tán lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí káàdì báńkì kò ti ṣiṣẹ́, ó sì lè sọ àǹfààní tó ní láti wọ Amẹ́ríkà nù láìmọ̀.

ṢÉ ÀSÌKÒ TI TÓ?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹwàá, 2024, gbogbo iná mànàmáná Kúbà kú pátápátá, orílẹ̀-èdè náà sì wà nínú òkùnkùn. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí 2025 tó parí. Ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ti gbó, epo sì wọ́n. Bí epo bá ti wọ́n, bọ́ọ̀sì kì í rìn déédéé, omi kì í dé ilé bó ti yẹ nítorí iná ló ń fà á, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù pẹ̀lú lè yí ètò wọn padà.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ lọ tó san kọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù bóyá wọ́n ṣì ń fò lọ sí Havana, olú-ìlú Kúbà, ní ọjọ́ tó ní lọ́kàn. Kó bèèrè lọ́wọ́ onílé tí yóò gbà á lálejò bí iná àti omi ti rí ní àdúgbò rẹ̀. Kó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà, kódà bó bá wọ́n díẹ̀ ju èkejì lọ.

OJÚ ỌJỌ́ ÀTI ỌJỌ́ ỌDÚN

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni ẹ̀ẹ̀rùn Kúbà. Òjò máa ń pọ̀ láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà títí di ìparí oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle tó ń ti ojú òkun wá, oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ló sì máa ń burú jù. Ìjì Ian ba ìwọ̀-oòrùn Kúbà jẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2022. Ní oṣù kẹwàá 2025, ìjì Melissa kọlu agbègbè Santiago de Cuba ní ìlà-oòrùn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn Lukumí ṣe ọdún ní láti fi èyí sọ́kàn. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ni ọdún Wúńdíá Regla, ẹni tí àwọn Lukumí rí gẹ́gẹ́ bíi Yemọja. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ti Wúńdíá El Cobre, tí wọ́n kà sí Ọ̀ṣun. Ọdún méjèèjì yìí bọ́ sí àárín àsìkò ìjì. Ọdún oṣù kejìlá ló rọrùn jù fún àlejò: ọjọ́ 4 ni ti Santa Bárbara, ìyẹn Ṣàngó, ọjọ́ 17 ni ti San Lázaro, ìyẹn Ọbalúayé, nígbà tí èrò máa ń wọ́ lọ sí ìjọ El Rincón lẹ́yìn odi Havana. Bí ọdún tuntun bá sì wọlé, àwọn babaláwo a péjọ láti dá Ifá ọdún, wọn a sì kéde odù tó jáde fún gbogbo ènìyàn.

ÌWÉ ÌRÌNNÀ ÀTI FÍSÀ

Kò sí bàálù tó ń lọ tààrà láti Nàìjíríà sí Kúbà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ti ń gbà ni Yúróòpù, bíi Madrid ní orílẹ̀-èdè Sípéènì. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń kọ́. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó lè gba pápákọ̀ òfurufú àwọn orílẹ̀-èdè inú àdéhùn Schengen kọjá, àní bí wọn kò bá tilẹ̀ jáde sí ìgboro. Ẹni tó ní físà tàbí ìwé ìgbélùú irú àwọn orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè bọ́ nínú òfin yìí. Ẹni tí kò ní gbọ́dọ̀ gba físà náà ṣáájú, nítorí wọn kò ní jẹ́ kó wọ bàálù ní Èkó láìsí i. Bí ọ̀nà ẹnìkan bá gba Amẹ́ríkà kọjá, físà Amẹ́ríkà ni yóò nílò.

Ní ti físà Kúbà fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ aṣojú Kúbà ní Abuja ni ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ti gbọ́dọ̀ bèèrè èyí tó tọ́ sí i. Òfin tó wà fún ọmọ Yúróòpù kọ́ ni ó máa ń wà fún ọmọ Áfíríkà, nítorí náà ó léwu láti ra ìwé kankan lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó físà kíákíá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé pélébé tí àwọn àlejò ń rà tẹ́lẹ̀ ti kógbá wọlé ní 2025. Físà orí íntánẹ́ẹ̀tì ló rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn físà, gbogbo arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ kún fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ D'Viajeros lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní bíi ọjọ́ díẹ̀ kó tó gúnlẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù yìí. Ẹni tó bá ń gba owó lé e lórí ń rẹ́ni jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ Ìlú Ọba tún yàtọ̀. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ́ kí wọ́n wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú ESTA, láìgba físà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní, 2021, Amẹ́ríkà fi Kúbà sí ara àwọn orílẹ̀-èdè tó ní wọ́n ń ti àwọn apániláyà lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé Kúbà láti ọjọ́ náà kò lè lo ESTA mọ́. Ó di dandan kó lọ gba físà ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní ẹbí ní Houston tàbí tó ń ṣòwò lọ sí Atlanta gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. Ní ti àwọn tó wà lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ìjọba wọn kò fàyè gba ìrìn-àjò afẹ́ lásán sí Kúbà. Ohun tí wọ́n ń lọ ṣe gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọ̀kan nínú ìdí 12 tí òfin wọn là sílẹ̀, bíi ẹ̀kọ́, ìsìn tàbí àbẹ̀wò sí ẹbí.

OWÓ LỌ́WỌ́

Peso ni owó Kúbà. Títí di ọdún 2020, oríṣi owó méjì ni wọ́n ń ná pọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tí wọ́n ń pè ní CUC kúrò nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi CUC ṣẹ́ owó fún àlejò lónìí, bébà lásán ló ń tà.

Káàdì tí báńkì Amẹ́ríkà bá ṣe kì í sábà ṣiṣẹ́ ní Kúbà, náírà kò sì ní ọjà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́n yóò mú yúrò dání ní bébà kéékèèké tí kò ya, yóò sì ṣírò oúnjẹ, ilé, ọkọ̀ àti àfikún fún ọjọ́ pàjáwìrì kó tó kúrò nílé. Kò yẹ kí ó ṣẹ́ gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan, nítorí iye peso máa ń yí padà. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá ju 5,000 dọ́là lọ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aṣọ́bodè Kúbà bó bá ti dé. Ìpààrọ̀ owó ní ẹ̀bá títì lòdì sí òfin, ibẹ̀ náà ni àwọn oníjìbìtì ń dúró sí.

ÌLERA

Arìnrìn-àjò tó ti Nàìjíríà wá gbọ́dọ̀ ní yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á ní ọ̀la ìrìn-àjò ti pẹ́ jù. Láti 2010 ni Kúbà ti ń béèrè ìwé ìdójútòfò ìlera lọ́wọ́ àlejò. Kí onítọ̀hún rí i dájú pé orúkọ Kúbà wà nínú ìwé tirẹ̀.

Kò sí ìdí láti bẹ̀rù ibà tí a mọ̀ nílé, nítorí láti 1973 ni àjọ ìlera àgbáyé ti jẹ́rìí pé ibà lọ ní Kúbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn mìíràn wà níbẹ̀ tó ń jẹni ní ọ̀sán, ó sì ń fa àìsàn dengue àti chikungunya. Chikungunya jà rànyìn níbẹ̀ ní 2025. Kí arìnrìn-àjò kó ìpara tó ń lé ẹ̀fọn àti aṣọ alápá gígùn dání. Oògùn wọ́n ní Kúbà: gbogbo oògùn tí dókítà kọ fúnni, títí dé oògùn orí fífọ́ àti inú rírun, ilé ni kó ti mú un, pẹ̀lú ìwé dókítà.

INÁ ÀTI FÓÒNÙ

Iná 110 ló wọ́pọ̀ jù ní Kúbà, púlọ́ọ̀gì wọn sì ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì bíi ti Amẹ́ríkà. Ṣájà fóònù tí wọ́n kọ 100 sí 240 sí lára yóò ṣiṣẹ́ bó bá ti rí àsopọ̀; áyọ́ọ̀nù tí a ti Nàìjíríà gbé lọ kò ní ṣe é lò. Tọ́ọ̀ṣì àti páwà báǹkì ṣe kókó. Bí iná bá kú, íntánẹ́ẹ̀tì lè lọ pẹ̀lú, nítorí náà ó yẹ kí físà, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà onílé wà lórí ìwé.

ILÉ ÀTI Ọ̀NÀ

Yàtọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì, àlejò lè gbé nínú ilé àwọn ará ìlú tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Casa particular ni wọ́n ń pè é, àmì aláwọ̀ búlúù sì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́wàá lè lo ọjọ́ mẹ́rin ní Havana. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ Áfíríkà wà ní Havana Àtijọ́, ilé ẹgbẹ́ àṣà Yorùbá ti Kúbà sì wà ní òpópónà Prado. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni sọdá sí Regla, níbi tí ìjọ Wúńdíá náà wà. Matanzas, ìlú tí ìlù àti orin Lukumí ti fìdí múlẹ̀ gidigidi, kò ju nǹkan bíi 100 kìlómítà lọ sí Havana; ọjọ́ méjì tó fún un. Santiago de Cuba jìnnà ju 800 kìlómítà lọ, El Cobre sì wà nítòsí rẹ̀. Bí epo bá wọ́n, ó sàn kí àlejò fi Santiago sílẹ̀ di ìgbà mìíràn ju kó há sójú ọ̀nà lọ.

ÈDÈ ÀTI ÌWÀ

Èdè Sípéènì ni èdè Kúbà. Àlejò yóò gbọ́ “moyugba”, yóò mọ̀ pé mo júbà ni; yóò gbọ́ “omi tuto” àti “aché”, orí rẹ̀ yóò sì wú. Ṣùgbọ́n èdè ìsìn ni Lukumí, wọn kì í fi tajà tàbí fi dá àpárá. Ẹni tó bá ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé wọn kò fi ohùn sí ọ̀rọ̀ dáadáa ti gbàgbé ohun tí àwọn baba ńlá wọn fojú rí kí ọ̀rọ̀ náà tó kù. “Iyawó” níbẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà, tó ń wọ aṣọ funfun fún ọdún kan, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò rẹ̀ láìgba àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojúbọ àti ìlù bàtá.

Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Onílé Kúbà lè tò fún búrẹ́dì láti òwúrọ̀ kó tó rí ohun tí yóò gbé síwájú àlejò. Ọṣẹ, ìpara eyín àti wàrà oníyẹ̀fun tí àlejò mú dání níyì ju ẹ̀bùn olówó ńlá lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ètùtù tàbí tẹ Ifá níbẹ̀, kí ó bèèrè iye owó kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó mọ ilé náà dáadáa sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má padà sílé. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ ló yẹ kó mọ ọ̀nà tí yóò gbà bọ̀, kó fi ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, kó sì ya owó àbọ̀ sọ́tọ̀.