Bíbẹ́ àti Bíbó: Orúkọ Àìsàn Táyà Ilé Àfọkọ̀fà

Ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ gbafẹ́, orúkọ ni yóò kọ́kọ́ dí i lọ́wọ́. Bó bá pè é ní “tírélà”, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ló máa wá sọ́kàn òǹkàwé. “Ilé àfọkọ̀fà” sàn jù: ilé ni, kò sì ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀.

Tó bá wá kan àìsàn táyà rẹ̀, “táyà bẹ́” kò ṣòroó gbọ́, àmọ́ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ nìkan ló sọ. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló ń wá orúkọ. Bí atẹ́gùn inú táyà kò bá tó, tàbí tí ẹrù pọ̀ jù fún un, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà, bó ṣe ń yí. Ooru ló ń tibẹ̀ jáde. Ooru yìí á sọ ibi tí rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ wáyà inú táyà di aláìlágbára, títí ojú táyà á fi ṣí kúrò bí èèpo igi. “Bíbó” lèyí, kì í ṣe “bíbẹ́”. Táyà tó ń bó sábà máa ń wú níbì kan. Ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ á tètè wò ó.

Ibi tí atúmọ̀ èdè ti lè ṣìnà jù ni ìwọ̀n atẹ́gùn. Bó bá túmọ̀ “cold pressure” sí “atẹ́gùn tútù”, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ti abẹ́ igi ni. “Ìwọ̀n kí táyà tó rìn” ló tọ́, torí òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó gbéra, la ń fi géèjì wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá kọ PSI 80 sára táyà, ìwọ̀n ìgbà yẹn ni. Bó bá gbóná lójú ọ̀nà tí géèjì sì gòkè, ẹ má ṣe dín atẹ́gùn inú rẹ̀ kù.

“Ọjọ́ ìbí táyà” kò le rárá. Àwọn tó ń ra tókúnbọ̀ mọ̀ ọ́n kà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà ni: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ilé àfọkọ̀fà máa ń dúró sínú oòrùn fún oṣù púpọ̀, nítorí náà táyà rẹ̀ lè gbó kí ojú rẹ̀ tó jẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó pé ọdún 6.

Kí òǹkọ̀wé fi ST (àmì táyà ilé àfọkọ̀fà), DOT àti PSI sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, torí ohun tí ojú máa rí lára táyà nìyẹn. Ìyókù, kó sọ ọ́ ní Yorùbá tí awakọ̀ á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.