Kọ́mà Kékeré Tí Wọ́n Tìtorí Ẹ̀ Na Ọmọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mélòó ni wọ́n ti nà rí nítorí pé ó kọ “my father house” sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀? Tíṣà á fi bírò pupa fa ilà sí i, á pe ọmọ jáde, pàṣán á sì balẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní olódo ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ohun tí ọmọ yìí kọ kò ju kọ́mà kékeré kan tó lọ jókòó sókè, àti lẹ́tà s kan ṣoṣo. Àpọ́sítírófì ni àwọn Òyìnbó ń pe kọ́mà orí òkè yìí. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé nǹkan kan jẹ́ ti ẹnì kan: “my father's house”, ilé bàbá mi.

Ọmọ yẹn kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ọ̀nà tí èdè ìyá rẹ̀ là sílẹ̀ ló ń tọ̀. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an pẹ́ gidi kí wọ́n tó fẹnu kò lórí kọ́mà yìí, kì í ṣe ọdún kan, kì í ṣe ogún ọdún. Ẹ fara balẹ̀ ká sọ ìtàn rẹ̀.

Láyé àtijọ́, kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, kò sí kọ́mà kankan fún ọ̀rọ̀ ìní. “Cyning” ni wọ́n ń pe ọba nígbà náà. Bí nǹkan bá jẹ́ ti ọba, wọ́n á fi “es” kún un, á di “cyninges”. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gba “es” yìí, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó borí àwọn yòókù. Nígbà tó yá, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú. “E” àárín rẹ̀ ń pòórá, s nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Láàárín 1500 sí 1600, àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yá àpọ́sítírófì lọ́wọ́ àwọn Faransé, wọ́n ń fi í sí ibi tí lẹ́tà kan bá ti jábọ́. Bí “king's” ṣe dé nìyẹn. Kọ́mà tí à ń wò yẹn, orí ibojì “e” tó ti kú ló jókòó sí.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Òyìnbó fúnra wọn ò mọ ibi tí s náà ti wá mọ́. Wọ́n rò pé “his” ni wọ́n gé kúrú, ni wọ́n bá ń kọ “the king his house”, bí ìgbà tí èèyàn bá ní “ọba, ilé rẹ̀”. Ben Jonson, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òǹkọ̀wé eré, tẹ eré kan jáde ní 1605, ó pè é ní “Sejanus His Fall”, ìyẹn ìṣubú Sejanus. Ọkùnrin yìí kan náà kọ ìwé gírámà, tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1640; inú ìwé yẹn ló ti bẹnu àtẹ́ lu irú “his” bẹ́ẹ̀! Ní 1711, Joseph Addison, ọ̀gá nínú àwọn akọ̀wé ìwé ìròyìn, ṣì ń sọ pé “his” ló di s. Àfìgbà tí àlùfáà Robert Lowth gbé ìwé gírámà tirẹ̀ jáde ní 1762, tó ṣàlàyé pé láti ara “es” àtijọ́ ni ó ti wá. Ẹ sì gbọ́ Píjìn tí à ń sọ nígboro: “Bola im book”. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, tíṣà á ní ó ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́; ọ̀nà kan náà ni Ben Jonson gbà ní 1605.

Èyí tó wá le jù ni ti ẹni púpọ̀. Bí 1700 ṣe ń kù sí dẹ̀dẹ̀, kọ́mà ti ẹnì kan ṣoṣo ti rẹsẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin púpọ̀ bá jọ ni yàrá kan, ibo ni kí kọ́mà wà? Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi jiyàn lórí èyí. Nígbà tí Lindley Murray tẹ ìwé gírámà rẹ̀ ní 1795, ó fi kọ́mà sí ẹ̀yìn s fún ẹni púpọ̀, bí “the boys' room”. Ìwé náà sì gba ilé ìwé kan ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà. Ẹ ṣírò rẹ̀: kò ju nǹkan bí àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn náà tí àwọn míṣọ́nnárì fi gbé Gẹ̀ẹ́sì wọ Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Òfin tí àwọn onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà lé lórí ni wọ́n kó fún àwa tí a jẹ́ àlejò, bí ẹni pé láti ọ̀run ló ti wá.

Nílẹ̀ wa níbí, kọ́mà yìí ò pẹ́ di ohun iyì. Ẹ wo àwọn ilé ìwé tí orúkọ wọn gbé e dání: St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. King's College ní Èkó, 1909. Queen's College, 1927. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1882 so owó ìrànlọ́wọ́ fún ilé ìwé mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kíkà àti kíkọ. Gẹ̀ẹ́sì wá di oúnjẹ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ ló ń ríṣẹ́ akọ̀wé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ọmọ tó bá la ẹnu sọ Yorùbá, ó di kó sanwó ìtanràn tàbí kó jẹ ẹgba. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ ya wọ kíláàsì bí omi òjò, ọ̀pọ̀ àwọn tíṣà ò sì tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Tíṣà á kọ òfin sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ á máa ké e tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ orin rẹ̀, wọn ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí ni wọn ò sọ fún ọmọ? Wọn ò sọ fún un pé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọ ẹ̀yìn síra nínú ọ̀rọ̀ ìní. Lọ́dọ̀ tiwa, nǹkan ló ń ṣíwájú, olóhun á tẹ̀ lé e: ilé bàbá, ìwé Bọ́lá. Lọ́dọ̀ Òyìnbó, olóhun ló ń ṣíwájú. Ọmọ tó kọ “my father house” ti ṣe iṣẹ́ tó le jù, ó ti yí ọ̀rọ̀ po. Àmì nìkan ló gbàgbé. Kí ló dé tí kò ní gbàgbé? Nínú Yorùbá tó ń kà, àmì kan kò sí níbẹ̀.

Àmọ́, ẹ gbọ́ ná: àmì wà lẹ́nu wa o! Ẹ pe “ilé Títí” kí ẹ fetí sí ara yín. Ṣé ẹ ò gbọ́ “ilé e Títí”? “Bàtà Bọ́lá” ńkọ́? “Bàtà a Bọ́lá” là ń pè é. Bí orúkọ olóhun bá ti fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, ohùn wa á fa fáwẹ́lì iwájú rẹ̀ gùn díẹ̀. Àwa náà ní àmì ìní, a kàn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú ìwé Yorùbá àtijọ́, wọ́n máa ń kọ “l'ọ́jà” àti “n'ílé”, kọ́mà sì ń dúró fún fáwẹ́lì tí a pa jẹ, kí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó ní ká kọ wọ́n ní “lọ́jà” àti “nílé”. Ìpajẹ ni tiwa, ìpajẹ ni “king's”. Ohun tí ọmọ ti mọ̀ nílé ni wọ́n ń nà án lé lórí.

Ẹni kan ti fi ọ̀nà yìí hàn wá tipẹ́. Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821, Freetown ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1843, ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti gírámà rẹ̀ jáde. Ó gbé èdè méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tó di 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn kan rò pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wọ̀nyí á bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń wo iṣẹ́ àmúrelé ọmọ, ẹ gbìyànjú èyí wò. Ẹ ní kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá: “ìwé Bọ́lá”. Ẹ bi í pé ta ni olóhun. Bọ́lá ni. Kó gbé olóhun ṣíwájú, kó kọ orúkọ rẹ̀ tán pátápátá, kó tó fi kọ́mà àti s sí i: “Bola's book”. Bí olóhun bá pọ̀ tí orúkọ wọn ti parí sí s, kọ́mà nìkan tó o. Ọjọ́ ìsinmi méjì tí gbogbo wa mọ̀ á ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, “Workers' Day” ni: òṣìṣẹ́ pọ̀, “workers” ti ní s, kọ́mà bọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, “Children's Day” ni: ọmọ pọ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n “children” kò ní s, ni kọ́mà àti s bá jọ wọlé.

Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má bínú sọ́mọ, ó gba àwọn tó ni ín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ gbé pàṣán sọnù jàre. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.