Èéfín tí a kì í dì sínú àpò

Ní 1936 ni ojú irin láti Cotonou dé Parakou, ó sì gba Tchaourou kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn afẹ́fẹ́ agbègbè yìí, nítorí ojú irin náà àti ọ̀nà mọ́tò tó bá a rìn ló so igbó Borgou mọ́ ààrò ìlú gúúsù. Èédú ń gba ọ̀nà náà lọ lónìí. Àwọn tó ń sun ún á to igi jọ, wọ́n á fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, á sì máa jó lábẹ́nú fún ọjọ́ púpọ̀. Púpọ̀ nínú èéfín igi ti jáde kí èédú tó wọ àpò. Ará ìlú ńlá ní èédú kì í rú èéfín bí igi. Òótọ́ ni, ará oko ló ti fa ìyẹn símú.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa onímọ̀ èdè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku Sàhárà, èéfín èédú àti ti iná ìgbẹ́ máa ń dà pọ̀, a ó sì ní “ọyẹ́ ti dé.” Ta ni yóò bá ọyẹ́ ṣẹjọ́? Bí a bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Tchaourou, yálà lẹ́nu Nàgó tàbí Bààtọ̀nú, ká béèrè orúkọ èyí tó ń mú olùsun èédú wúkọ́.