Àwọn Mùsùlùmí Tàtárì ní Ilẹ̀ Fínlándì: Bí Ẹ̀sìn Ṣe Fìdí Múlẹ̀ Lájò

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ kéwú mi kì í yé bi mí bí a bá ti dé orí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀: “Àáfà, níbi tí oòrùn kì í tètè wọ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣínu?” Ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ rín, nítorí pé ìbéèrè náà ti dàgbà jù wá lọ. Ní ọdún 922, Ahmad ibn Fadlan, tí Kálífà Bàgídáádì rán níṣẹ́, dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí kan létí odò Volga. Ó jókòó, ó ń dúró de ìpè ìrun Ìṣáì. Ìpè Àsùbáà ni ó gbọ́! Ládàánì wọn sọ fún un pé òun kì í lè sùn lóru mọ́, kí ìrun òwúrọ̀ má baà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹkùn odò Volga yìí ni ilé àwọn Tàtárì. Ìtàn àwọn kan nínú wọn, tí wọ́n kó lọ sí Fínlándì, ilẹ̀ olótùútù ní ìhà àríwá Yúróòpù, ni mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò lónìí.

Láti ọdún 1809 títí di ọdún 1917, abẹ́ ọba Rọ́ṣíà ni Fínlándì wà. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ti débẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Tàtárì ni ó dúró tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àwọn abúlé ẹkùn Nizhny Novgorod, bí Aktuk, ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Àgbẹ̀ ni wọ́n nílé, ṣùgbọ́n oko nìkan kò tó wọn jẹ. Nígbà tí ọ̀nà reluwé láti St Petersburg dé Helsinki parí ní ọdún 1870, ọ̀nà là fún wọn. Wọ́n ń kiri aṣọ, kápẹ́ẹ̀tì, àti awọ ẹran onírun tí a fi ń rán ẹ̀wù òtútù. Àwọn ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí ọjà gbà wọ́n, wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ wọn wá.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó dá rìnrìn àjò lè kírun sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bí ọmọ sí ìlú onílùú ní láti wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà ní kéwú, ẹni tí yóò so yìgì, àti ilẹ̀ tí a óò sin òkú sí. Fínlándì gba òmìnira ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá ọdún 1917. Ní ọdún 1922 wọ́n ṣe òfin pé kí olúkúlùkù ṣe ẹ̀sìn tí ó wù ú, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1923. Àwọn Tàtárì kò fi òfin yìí ṣeré. Ní ọdún 1925, wọ́n dá ìjọ Mùsùlùmí tí ìjọba mọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1942, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, wọ́n kọ́ mọ́sálásí onípákó sí ìlú Järvenpää. Ní ọdún 1961, ilé ńlá ìjọ wọn dìde láàárín Helsinki.

Nínú ogun tí Fínlándì bá Rọ́ṣíà jà láàárín ọdún 1939 sí 1944, àwọn ọmọ Tàtárì wà lójú ogun, mẹ́wàá nínú wọn ni kò sì padà wálé. Nítorí náà, bí àwọn ará ìlú bá tan àbẹ́là sójú fèrèsé ní alẹ́ ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ tiwọn náà ni.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ìbéèrè àwọn ọmọ kéwú. Ní Helsinki, ní àárín oṣù kẹfà, ọ̀sán tó nǹkan bíi wákàtí 19. Ní oṣù kejìlá, kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lọ. Bí Ràmàdáànù bá bọ́ sí ìgbà ooru, aago mẹ́wàá alẹ́ á ti kọjá dáadáa kí oòrùn tó wọ̀. Bí ó bá bọ́ sí àárín ìgbà òtútù, wọ́n á ti ṣínu kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù! Nítorí pé òṣùpá ni a fi ń ka oṣù wa, Ràmàdáànù ń yí ọdún ká láàárín nǹkan bí ọdún 33: ẹni tí ó gba ààwẹ̀ gígùn lónìí yóò gba kúkúrú lọ́la. Àwọn onímọ̀ Tàtárì kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àròsọ. Shihabuddin Marjani ti Kazan kọ ìwé ní ọdún 1870 pé ọ̀ranyàn ni ìrun Ìṣáì, bí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kò tilẹ̀ pa rẹ́ tán. Musa Bigiev náà kọ ìwé lórí ààwẹ̀ ọjọ́ gígùn ní ọdún 1911.

Ní ti ọdún, Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba níbẹ̀. Kérésìmesì, Àjíǹde àti ọdún àárín ìgbà ooru ni ti ìlú. Ẹni tí ó ni ìsọ̀ lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí ó lọ kírun ọdún. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ oṣù àfi kí ó tọrọ àyè. Síbẹ̀, wọn kò fi ara pamọ́ fún aládùúgbò. Oúnjẹ wọn kan wà, ìyẹ̀fun tí a fi ẹran sínú rẹ̀ tí a sì dín. Àwọn ará ìlú Tampere ń pè é ní pärämätsi, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ ìlú wọn. Atik Ismail, ọmọ Tàtárì, gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè Fínlándì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó rọgbọ. Ní ọdún 1948 wọ́n dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀ ní Helsinki. Ní ọdún 1969 ó di títì, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀ mọ́. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ni wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ń fẹ́ ọmọ onílùú, èdè Finnish sì ń gba ẹnu wọn. Láti ọdún 1990 ni àwọn Mùsùlùmí láti Sòmálíà àti ilẹ̀ mìíràn ti ń dé, tí wọ́n sì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ohun tí ó kù fún àwọn Tàtárì ni pé ní ìsinmi ìgbà ooru, wọ́n ń kó àwọn ọmọ jọ láti kọ́ wọn ní èdè àti ẹ̀sìn. Ilé-ìwé lè tì. Bí ilé bá tì, ó parí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà lónìí. A máa ń bi wọ́n léèrè owó, a máa ń bi wọ́n léèrè ìwé ìgbélùú. Ta ni ń bi wọ́n pé, “Ta ni ń kọ́ ọmọ yín ní kéwú? Èdè wo ni ẹ fi ń sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ ìṣínu?” Àwọn tí ń kiri aṣọ nínú yìnyín bi ara wọn ní ìbéèrè yìí kí ọmọ tó dàgbà, ìdí nìyẹn tí a fi rí wọn ròyìn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ìran wa sọnù sí àjò. Àmín.