Ẹsẹ̀ Tí Ó Gbé Ọmọbìnrin Dé Yunifásítì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo bá a tí ó fọwọ́ lẹ́rán, tí ọ̀rá dúdú kan wà lórí itan rẹ̀. Owó ni ó wà nínú rẹ̀, N600,000. Ó ti kó àjọ, ó sì ti yá owó kún un. Ọ̀gbẹ́ni kan ni ó ń dúró de owó yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní òun yóò fi gba ààyè ọ̀fẹ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọmọ náà mọ eré sá.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí lójú, ó ní: "Àbúrò, ìwọ tí ò ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?"

Ìbéèrè yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí jókòó ti rédíò bàbá wa nígbà tí wọ́n kéde pé ọmọbìnrin Nàìjíríà mẹ́rin, Beatrice Utondu, Faith Idehen, Christy Opara-Thompson àti Mary Onyali, gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ ní Òlíńpíìkì Barcelona, nínú eré 4 x 100 mítà tí wọ́n ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Obìnrin Nàìjíríà kankan kò gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, kò sì sí ọmọbìnrin tí ó lè bá a sáré nínú ìntà-háúsì ilé ìwé wọn. Ó béèrè pé: "Bàbá, báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀?" Bàbá wa pa rédíò. Ó ní: "Ẹsẹ̀ obìnrin, ọ̀nà ọjà ni Ọlọ́run dá a fún." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Gàrí ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà títí di òní.

Ó yẹ kí ẹnì kan ti dá a lóhùn nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn nísinsìnyí.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì a máa san owó ilé ìwé fún ọmọ tí ó bá mọ eré ṣe, kí ó lè máa bá wọn díje. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n díẹ̀ kíún ni ó ń kan obìnrin. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1972, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní Title IX. Òfin náà ní ilé ìwé tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Òfin náà kò dárúkọ eré ìdárayá, ṣùgbọ́n ó kàn án. Yunifásítì tí ó ń náwó lórí ẹsẹ̀ ọmọkùnrin ní láti náwó lórí ti ọmọbìnrin náà. Nígbà tí ó di sáà 1981 sí 1982, NCAA, ẹgbẹ́ tí ń darí eré àwọn yunifásítì wọn, bẹ̀rẹ̀ ìdíje ti àwọn obìnrin. Àwọn kóòṣì ń wá ọmọbìnrin tí ó yára, ojú wọn sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Bí àwọn ará Barcelona ṣe débẹ̀ nìyẹn. Texas Southern ní Houston ni Onyali àti Utondu lọ. Alabama ni Idehen lọ. Ẹ wá sún mọ́ ilé. Falilat Ogunkoya, ọmọ Òde-Lẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, gba wúrà eré 200 mítà ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Athens ní 1986. Mississippi State ni ó ti kàwé. Ní Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996, ó sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, ó sì ṣe ipò kẹta. Kò sí obìnrin Áfíríkà tí ó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ti Ìjẹ̀bú gan-an wá ń kọ́? Ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Tobi Amusan sí ní 1997, ibẹ̀ náà ni ó ti lọ sí Our Lady of Apostles. Tíṣà ni bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò kọ́kọ́ fẹ́ eré sísá, ìyá òun ni ó ń bá òun bo àṣírí. Ní 2015 ó gba wúrà ní ìdíje gbogbo Áfíríkà ní Brazzaville, nínú eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí ni yunifásítì Texas ní El Paso gbà á. Ní 2017 ó di aṣáájú gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà nínú eré yìí, ní ìlú Eugene. Ó ṣe ipò kẹrin lágbàáyé ní 2019, ó tún ṣe ipò kẹrin ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Ẹlòmíràn ì bá ti rò pé kádàrá òun nìyẹn. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene kan náà, ó sá a ní 12.12, ó fi já àkọsílẹ̀ 12.20 ti Kendra Harrison, ó sì gba wúrà àgbáyé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ wo bí ó ṣe tẹ̀ léra: ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kóòṣì ni ó wá tẹ̀ lé e. Ohun tí mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kóòṣì fẹ́ rí àkókò tí ọmọ sá níbi ìdíje tí a mọ̀, tí ẹ̀rọ kà, kì í ṣe èyí tí tíṣà fi aago ọwọ́ kà. Ti ọmọ tí ń gbá golf, iye tí ó gbá ní ìdíje ni wọn yóò wò. Ọmọ tàbí tíṣà rẹ̀ lè kọ̀wé sí kóòṣì fúnra rẹ̀, kí ó fi fídíò sí i. Ìwé kíkà náà ńkọ́? NCAA yóò yẹ èsì ìdánwò rẹ̀ wò. Fún ìpele àkọ́kọ́, iṣẹ́ kíláàsì 16 ni wọ́n ń kà, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá yege, yunifásítì yóò fi ìwé I-20 ránṣẹ́, òun ni yóò fi wá físà. Owó wà láti san lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni owó ni a ń san án fún, a sì ń gba rìsíìtì. Ẹ̀bùn náà kì í sì í pé nígbà gbogbo. Ìlàjì ni ti ẹlòmíràn, ẹ béèrè ẹni tí yóò san ìyókù kí ẹ tó fò sókè.

A pe ọ̀gbẹ́ni yẹn. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, yunifásítì wo ni? Kí ni orúkọ kóòṣì?" Ó ní kí n má da ọ̀rọ̀ rú. Mo tún un béèrè, ó pa fóònù. Kò sì gbé e mọ́ títí di òní.

Ẹ̀gbọ́n mi dá owó tí ó yá padà lọ́jọ́ Ajé. Àkókò ọmọ rẹ̀ kò tíì tó, mo sọ ọ́ níṣojú ọmọ náà, mi ò purọ́ fún un. Ó ku ọdún kan àti díẹ̀ kí ó jáde. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, kí ẹ̀gbọ́n mi tó pàtẹ gàrí, pápá ilé ìwé ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Òun ni ó ń di aago mú.