Ọjọ́ Ajé Kan ní Panama City

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ọdún 1963. Ní ilé-ẹjọ́ Panama City, ní ìpínlẹ̀ Florida, ọkùnrin onírun funfun kan jókòó síbi tí olùjẹ́jọ́ ń jókòó sí. Kò tíì pé ẹni ọdún 53, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á pè é ní arúgbó. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Lọ́yà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fred Turner ni, inú ìlú yìí náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Olùjẹ́jọ́ ti gbé àpótí ìwé kan tọ̀ ọ́ wá ṣáájú ọjọ́ yìí, ìwé ẹ̀bẹ̀ tó fúnra rẹ̀ kọ ló kún inú rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí Tallahassee. Turner kọ̀. Kò mọ ẹnikẹ́ni ní Tallahassee, àmọ́ ó mọ àwọn ará ibí.

Lọ́yà mẹ́ta ni ìjọba kó wá. Mẹ́ta, nítorí ọtí àti owó wẹ́wẹ́.

Wọ́n ń yan àwọn ará ìlú mẹ́fà tí yóò sọ bóyá ó jẹ̀bi. Wọ́n ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Turner ní kí ẹni méjì máa lọ sílé. Òfin ò ní kó sọ ìdí. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílùú mọ ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọtí sétí, ó sì mọ ẹni tó jẹ́ pé gbogbo olùjẹ́jọ́ ló jẹ̀bi lójú rẹ̀.

Aago 5:30 ìdájí. Kì í ṣe ìdájí ọjọ́ Ajé yìí o. Ìdájí ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 1961 ni, òun sì ni gbogbo ẹjọ́ rọ̀ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń jẹ́rìí fún ìjọba. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń ti òde ijó bọ̀ láti Apalachicola. Wọ́n já òun sílẹ̀ ní Bay Harbor, àdúgbò kan lẹ́bàá ilé-iṣẹ́ bébà. Òun yọjú lójú fèrèsé ilé snooker tó wà níbẹ̀. Òun rí ọkùnrin onírun funfun yìí nínú ilé. Ó jáde. Ìgò wáìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó wẹ́wẹ́ kún àpò rẹ̀. Ó fi tẹlifóònù ẹ̀bá ọ̀nà pe takisí. Ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá fèrèsé ilé snooker náà ní fífọ́. Wọ́n ti já ẹ̀rọ tí ń ta sìgá àti èyí tí ń kọrin, wọ́n ti kó owó inú wọn. Bíà, Coca-Cola àti wáìnì ti dínkù.

Turner dìde. Ṣé ilé ẹlẹ́rìí jìnnà síbi tí wọ́n já a sí? Rárá, kò ju òpópónà méjì lọ. Kí ló dé tí wọn ò gbé e délé? Ṣé bíà ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ṣé ó ti rúfin rí? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun jí mọ́tò kan rí, àmọ́ wọn ò sọ òun sẹ́wọ̀n.

Ìbéèrè wọ̀nyí ò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Turner fi kiri Bay Harbor tó ń bá ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀la, ẹ̀yìnkùlé ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ló wà, tó ń bá màmá náà ká èso. Ó tilẹ̀ ti ṣe lọ́yà fún ọmọ náà rí. Ní ìlú ńlá, irú èyí á di àríyànjiyàn. Níbí, bẹ́ẹ̀ náà layé ṣe rí.

Ẹni tó ni ilé ìtajà kan nítòsí náà jẹ́rìí. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ olè yẹn. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹni tí ọmọ náà rí *jọ* ọkùnrin yìí.

Ó kan awakọ̀ takisí. Ó ní èrò òun bẹ òun kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbé e. Lójú àwọn lọ́yà ìjọba, ọ̀rọ̀ yìí tó láti fi de èèyàn lókùn. Àwọn lọ́yà a máa kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n má bèèrè ohun tí wọn ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Turner bèèrè. Ṣé ọkùnrin yìí ti bẹ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí? Bẹ́ẹ̀ ni. Kí nìdí? Wàhálà òun àti ìyàwó rẹ̀ ni. Ṣé wáìnì, bíà tàbí Coca-Cola wà lọ́wọ́ rẹ̀? Rárá.

Ọ̀sán. Ó kan olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀. Òun kọ́ ló fọ́lé. Owó wẹ́wẹ́ ńkọ́? Tẹ́tẹ́ ni. Ó máa ń kó tó ọgọ́rùn-ún dọ́là owó wẹ́wẹ́ sápò nígbà mìíràn. Lọ́yà ìjọba kò gbà. Ó tún bèèrè. Ìdáhùn ò yí padà.

Aago 4:20. Àwọn mẹ́fà náà wọ yàrá tiwọn lọ. Adájọ́ ti kìlọ̀ fún wọn pé bí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání bá kù lọ́kàn wọn, wọn ò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi.

Aago 4:50. Wọn ò tíì jáde. Ọkàn àwọn lọ́yà ìjọba ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ mọ́.

Aago 5:25. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn láti inú. Àwọn mẹ́fà wọlé. Akọ̀wé kóòtù ka ohun tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù: kò jẹ̀bi.

Clarence Earl Gideon lorúkọ ọkùnrin náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ọdún 1961, níwájú Adájọ́ Robert McCrary yìí kan náà, ó dúró lórí ẹ̀sùn yìí kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti òde ijó bọ̀ yìí náà sì jẹ́rìí. Gideon ní kí wọ́n fún òun ní lọ́yà, torí kò lówó. McCrary ní òfin Florida ò gbà á, àyàfi bí ẹ̀sùn bá jẹ́ èyí tí wọ́n lè torí rẹ̀ pa èèyàn. Gideon bi ẹlẹ́rìí léèrè fúnra rẹ̀ bó ṣe mọ. Wọ́n dá a lẹ́bi, ọdún márùn-ún.

Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní Washington. Abe Fortas, ọ̀kan lára àwọn àgbà lọ́yà ibẹ̀, ni kóòtù yàn láti rojọ́ fún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọdún 1963, àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án fohùn ṣọ̀kan: bí ìpínlẹ̀ bá fi irú ẹ̀sùn ńlá bẹ́ẹ̀ kan ẹni tí kò lówó, dandan ni kó wá lọ́yà fún un. Wọn ò dá a sílẹ̀ o. Wọ́n ní kí wọ́n lọ tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Ní oṣù Keje, lọ́yà méjì ti Miami wá sí Panama City láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mọ òfin dáadáa. Àmọ́ àlejò lójú ni, kò fi ríran, Gideon sì ní òun ò fẹ́ wọn. Adájọ́ tó kọ̀ fún un ní 1961 wá bi í bóyá lọ́yà kan wà nílùú yìí tó wù ú. Gideon ní Fred Turner ni, McCrary sì yàn án.